Arò Tí Kaka Jwamer Kò Rí Kọ

Kaka ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n lédè Kurdi, ohun témi náà sì ń pe Jwamer nìyẹn, torí wọ́n ju bàbá mi lọ. Yàrá kan la jọ ń gbé ní Al Muteena lọ́dún tí ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀. Iṣẹ́ ti dúró nílé gogoro tí Kaka ń lẹ táìlì sí. Kaka wá di ọlọ́dẹ níbẹ̀, bí èmi Ọládèjì ṣe ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Al Barsha.

Khanaqin ni ìlú wọn, ní Iraq, létí ibodè Iran. Ìjọba lé àwọn Kurdi kúrò níbẹ̀ nígbà tí Kaka ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Gulnaz, àbúrò wọn obìnrin, sá gba Iran lọ. Gbogbo Friday ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa ń fi ojúlówó èdè Khanaqin tàkúrọ̀sọ lórí fóònù. Èdè yẹn náà ni Kaka fi ń kí mi láràárọ̀. Èmi á ní, "Ẹ káàárọ̀, Kaka," àwa méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti jọ ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣáájú kú, èkejì á kọ arò ìlú wọn fún un lórí fóònù, kí wọ́n tó sin ín.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, Kaka gbàgbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dún, mo gbé e. Ọmọ Gulnaz ni. Ó fi èdè Lárúbáwá sọ pé ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí Kaka pe òun kíákíá.

Kaka wọlé lọ́sàn-án, ebi ń pa wọ́n. Nílé tiwa, a kì í dédé túfọ̀ fún ẹni tí kò tíì jẹun, àgbà sì gbọ́dọ̀ wà níjòókòó. Kí wọ́n tó wọlé ni mo ti pa fóònù wọn, tí mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Múrítàlá, àgbà wa tó ń tajà ní Naif, kó wá bá mi sọ ọ́. Mo bu ìrẹsì fún Kaka.

"Ẹ jẹun dáadáa, Kaka."

"Habibi, ṣé o fẹ́ fi mí ṣe àgbò iléyá ni?"

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni Múrítàlá tó dé. Mo ṣàlàyé fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ọládèjì, Mùsùlùmí mà ni wọ́n! Ṣé mọ́ṣúárì lo rò pé wọ́n gbé òkú lọ ni?"

Èmi òmùgọ̀ pátápátá! A sọ fún Kaka, wọ́n pe Iran. Wọ́n ti sin Gulnaz láti aago mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ ní òun pe fóònù Kaka títí, kò lọ.

Kaka ò bá mi jà. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n kàn wo abọ́ ìrẹsì náà.

"Mo wà níbí, mò ń jẹun," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, mo dúró kí wọ́n kí mi.

"Sabah al-khair," ni Kaka wí lédè Lárúbáwá, bí gbogbo ará Dubai ṣe ń kí ara wọn. Mi ò gbọ́ èdè Khanaqin lẹ́nu wọn mọ́.