Ògiri Tí Kò Sí Orúkọ Emil Lára Rẹ̀

Emil Hruska kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí a ti ń jókòó lé kó lè gẹ irun wa ní Corley Falls láti ogójì ọdún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa gbá ìdíje. Wọ́n polówó sọ́sééjì lórí gbohùngbohùn. Wọ́n kí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. Emil ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ajá tí ẹgbẹ́ fi ṣe àmì kú lọ́dún tó kọjá, gbogbo pápá dìde, a ṣí fìlà. Mo ṣí tèmi náà, ajá dáadáa ni. Àmọ́ ṣé ajá yẹn gba ife fún wa rí?

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ làwa ará Amẹ́ríkà ń pe eré wa, ọwọ́ sì ni gbogbo àwọn gìrìpá yẹn fi ń gbé e sáré. Emil nìkan ló ń lo ẹsẹ̀! Ní àṣekágbá ọdún 1971, yìnyín ń bọ́, wọ́n fi pọ́ìntì méjì ṣáájú wa, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Emil rìn jáde, ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Àṣà wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í bá ẹni tó fẹ́ gbá a sọ̀rọ̀, àfi ẹni tó máa kúnlẹ̀ di bọ́ọ̀lù mú fún un. Èmi nìyẹn.

“Walt, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n.”

“Òtútù ni.”

“Irọ́! Ẹ̀rù ń bà ẹ́. Di nǹkan mú jàre.”

Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù yí bìrìbìrì, ó gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Pọ́ìntì mẹ́ta! Mo fò, mo fẹnu ko rẹfirí lẹ́nu. Ìyàwó mi ò tíì dárí ìyẹn jì mí.

Orúkọ àwọn akọni ọdún náà wà lára ògiri pápá. Ẹni tó ń pín omi wà níbẹ̀. Èmi tí mo kàn kúnlẹ̀ wà níbẹ̀! Emil ò sí. Dolores, opó rẹ̀, lọ bá Gordy Pfeiffer, alága pápá, pé kí wọ́n kọ orúkọ Emil síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú ọkọ òun gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

“Màmá, àwọn tí aṣọ wọn dọ̀tí ló ni ògiri yẹn.”

“Òótọ́ ni, Gordy. Mi ò fọ ẹrẹ̀ lára aṣọ ẹ̀ rí. Ife tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn ńkọ́? Ìdọ̀tí ló gbé e wá?”

Gordy bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló wà.

Ẹ̀yin ará ìlú, a dákẹ́ kí Emil lè ráyè gbá a. Ó ti gbá a láti ọdún 1971! Kí la tún ń dákẹ́ fún?

Gordy, ta ló yọ orúkọ Emil sílẹ̀? Kí ẹni náà jáde lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kó dúró níwájú ògiri, kó sọ ìdí rẹ̀ lójú Dolores. Àbí kẹ̀, gbé ọ̀dà wá. Tí àyè ò bá sí, pa orúkọ mi rẹ́, kí o kọ ti Emil síbẹ̀. Màá bá ọ di àkàbà mú. Ọwọ́ mi ò ní gbọ̀n.