Ẹnu Géètì La Ti Ń Sọ Ọ́

Nínú gbogbo àwọn tó ń múni wo ilé títà, kò sí ẹni tó lófin tó obìnrin tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onílé, kò sì gbọdọ̀ bú ilé nínú ilé. "Ẹ pa á mọ́nú títí dé ẹnu géètì," ló máa ń wí. "Ògiri létí." Àwọn oníbàárà a rẹ́rìn-ín, òun kì í rín. Onílé pàápàá gbọ́dọ̀ jáde kí àlejò tó wọlé.

Lọ́jọ́ yìí, ó pe bàbá arúgbó kan lórí fóònù, tó fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jáde?"

"Mo ti wà lẹ́yìn, ọmọ mi. Ẹ máa bọ̀."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò pé ẹ̀yìnkùlé ni. Yàrá ẹ̀yìn ni bàbá ń wí, ibẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí sí kó má baà dí wọn lọ́wọ́.

Tọkọtaya tó wá wò ó fẹ́ràn gbogbo ibi tí wọ́n dé nínú ilé náà, àfi ìgbà tí ìyàwó dé pálọ̀ tó dimú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rí i pé ọjà fẹ́ bọ́. Ẹnu tó ń ṣòfin fún gbogbo ayé ló là: "Ẹ má dààmú, mà. Òórùn arúgbó ni. Tí bàbá bá ti kó jáde, tẹ́ ẹ kun ilé lọ́dà, ó parí."

Ni ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ikọ́ kékeré kan báyìí, bíi ti ẹni tó fẹ́ gbé e mì tí kò rí i gbé mì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mọ̀ pé bàbá ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ó sin wọ́n dé géètì. Wọ́n ní àwọn á padà wá wò ó lọ́la, kò tilẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ìtìjú ń pa á lọ. Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu yàrá ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ṣẹ̀ yín."

Bàbá ṣílẹ̀kùn. Kò bínú, ì bá sì sàn kó bínú.

"Dìde, ọmọ mi. O ò purọ́. Àtìgbà tí mo ti ṣàìsàn, imú mi ò gbóòórùn mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó wo pálọ̀ yíká. "Ṣé ara àga ni, àbí ara mi? Fi hàn mí, kí n lè fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dé lọ́la."