Mọ́tò Bàbá Mi àti Kẹ́ẹ̀gì Omi Màámi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye mẹkáníìkì tó wà ní Ìkòsì, ẹ ṣáà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín síta, kí ẹ sì jẹ́ obìnrin. Kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì á dúró. Ẹni tó ti pẹ́ fún iṣẹ́ á dúró. Ọkùnrin tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀ á na ìka sí ẹ́ńjìnì mi, á ní, "Aunty, pọ́ọ̀gì ni." Tí mo bá ní kì í ṣe pọ́ọ̀gì, á ní, "Ọkọ yín dà?" Ọkọ mi wà nínú ilé, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Kò mọ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì kó mi sínú gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ kọ́tìnì ni mo ń ṣe ní Kétu. Màámi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ìránṣọ, nígbà tí wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ohun kan wà nínú ìkọ́ṣẹ́ yẹn tí mi ò tíì gbàgbé. Fún odindi ọdún kan ni àwọn oníbàárà fi ń yìn mí pé ojú rírán mi gún, tí orí mi sì ń wú. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bí Màámi bá ti rán mi jáde báyìí, wọ́n á tú gbogbo ohun tí mo rán, wọ́n á sì tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ń gba ìyìn iṣẹ́ tí mi ò ṣe.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí bàbá mi kú, Màámi kó wá bá mi gbé, mọ́tò bàbá mi náà sì bá wọn wá. Ó ti gbó, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì le. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tún un ṣe fún bàbá mi ní gbogbo ayé wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá mẹkáníìkì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì àtijọ́ ni wọ́n, gbogbo mẹkáníìkì àtijọ́ l'Ékòó ló sì ní àṣà kan. Bí mọ́tò bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ támósítáàtì rẹ̀ dànù. Ohun kékeré kan ni támósítáàtì, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Òun ló máa ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí ẹ́ńjìnì á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ, kó tó wá ṣí sílẹ̀ kí omi lè máa lọ tútù nínú radiétọ̀. Àwọn bàbá wọ̀nyí ní oyìnbó ló nílò rẹ̀, torí òtútù ìlú wọn. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́ tán, wọ́n á so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó lè máa fẹ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti tan mọ́tò títí tí ẹ ó fi pa á. Bàbá mẹkáníìkì ti ṣe méjèèjì sí mọ́tò bàbá mi. Nígbà tí mo rí i nínú fídíò lórí fóònù bí nǹkan náà ṣe yẹ kó rí, inú bí mi, mo sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò náà mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni Màámi máa ń lọ sí ọsibítù ìjọba kan ní apá Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn na orúnkún wọn tó le. Orúnkún yẹn kì í jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti gun bọ́ọ̀sì, èmi ni mo máa ń gbé wọn lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, à ń bọ̀, a dé Mile 12, àwọn tírélà tó kó tòmátì wá láti òkè ọya ti dí ọ̀nà pa. Fáànù dáírẹ́ẹ̀tì tí kò sinmi rí láti ọjọ́ yìí wá sì jóná níbẹ̀. Mi ò tètè mọ̀. Mo kàn rí i tí èéfín funfun bo gíláàsì iwájú ni. Omi gbígbóná ló ń ru, kì í ṣe iná, ṣùgbọ́n ta ni Màámi fẹ́ dúró gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀? "Iná o! Jésù!" Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí mọ́tò ṣì ń yí, wọ́n sì fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn gan-an balẹ̀ lórí ọ̀dà.

Hausa kan tó ń ta àlùbọ́sà ló sáré gbé wọn. "Mama, sannu, sannu. Jókòó síbí." Ó da agbọ̀n òfìfo dojú dé, Màámi sì jókòó lé e, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórúnkún wọn. Àwọn aláàárù ti pé lé mi lórí, kálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹnì kan ní pọ́ọ̀gì ni.

Màámi wò mí. "Mi ò wọ mọ́tò yìí mọ́ o, àfi tí Bàbá mẹkáníìkì bá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Bàbá mẹkáníìkì kẹ̀? Màámi, àwọn gan-an ló so fáànù yìí!"

"Bàbá rẹ gùn ún títí wọ́n fi kú, kò gbiná rí."

Èmi àti àwọn aláàárù ti mọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Màámi ń wọ̀ dé Mile 12, wọ́n á tún wá bọ́ọ̀sì wọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, orúnkún á ti wú, èmi ni mo sì ń fi róòbù ra á. Mò ń ra á, mò ń bínú. Mọ́tò wà níta, ọmọ wà nílé, ìyá ń gun bọ́ọ̀sì. Mo búra nínú ara mi pé ọwọ́ mi yìí náà ni màá fi tún mọ́tò náà ṣe, Màámi á sì wọ̀ ọ́, ọkàn wọn á sì balẹ̀ sí i. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ láyé lákòókò yẹn.

Mo pààrọ̀ radiétọ̀. Mo pààrọ̀ fáànù, mo tú wáyà dáírẹ́ẹ̀tì náà, mo dá a padà sí bí oyìnbó ṣe ṣe é. Mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo fi kílíìpù dè wọ́n. Ó wá ku támósítáàtì, èyí tí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo téèyàn fi ń dá a mọ̀ ni pé kó sè é. Mo ra méjì, mo gbé ìkòkò kaná. Màámi bá mi nídìí sítóòfù.

"Kí lò ń sè?"

"Támósítáàtì ni, Màámi."

"Nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi?"

Àkọ́kọ́ hó títí, kò ṣí. Ìkejì lanu bó ṣe yẹ kó là á. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pe Màámi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wo inú ìkòkò náà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì padà sí pálọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo parí iṣẹ́, mo gbé mọ́tò náà káàkiri Kétu nínú ọ̀sán gangan, kò gbóná. Màámi kò wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo lọ fi kọ́tìnì kọ́ sílé oníbàárà kan ní Sangisa, iṣẹ́ yẹn sì gbà mí ní odindi ọjọ́ kan. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń wọ bàtà láti bá Màámi wá kẹ̀kẹ́ Márúwá, ni mo bá rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, báàgì ọsibítù ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

"Ṣílẹ̀kùn," wọ́n ní.

Mo sáré ṣí i. Inú mi dùn, mi ò lè pa á mọ́ra, mo sunkún díẹ̀ ní Owódé Oníirin, mo sì díbọ́n pé èéfín ọkọ̀ ló kó sí mi lójú.

Bẹ́ẹ̀ la ń lọ tí à ń bọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ò lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú mi lákòókò yẹn. A jẹ́ onímọ́tò mẹ́fà tí a máa ń pàdé láàárọ̀ Sátidé lórí ilẹ̀ gbalasa kan ní Ìkòsì, àwa tí a kì í gbé mọ́tò wa fún mẹkáníìkì. Èmi nìkan ni obìnrin. Kí n má parọ́, orí àwọn tó kù kò pé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti so iná aláwọ̀ búlúù sábẹ́ mọ́tò nígbà tí bíréèkì rẹ̀ ń ké. Òmíràn ra fèrè tírélà sínú mọ́tò tí kò ju àpótí lọ. Èmi wá di wòlíì támósítáàtì láàárín wọn. Mo máa ń ya fọ́tò abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn, mo máa ń fi ohùn gígùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa: ẹ wo abẹ́rẹ́ mi, kò kọjá àárín. Láàárọ̀, kì í tilẹ̀ dé àárín. Ó yẹ kí ìyẹn ti yà mí lẹ́nu. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin pé bí iṣẹ́ tó mọ́ ṣe ń rí nìyẹn.

Tíṣà físíìsì kan wà nínú wa tó máa ń bá mi jiyàn. "Aunty, Èkó gbóná. Kí la fẹ́ fi támósítáàtì ṣe?" Ó jiyàn títí, ó sú u, ó lọ ra tirẹ̀. Ní Sátidé kan, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣí tèmi kí òun lè rí ibi tó kọjú sí. Mo ní kí gbogbo wọn súnmọ́ tòsí. Mo tú bóòtì àkọ́kọ́ lórí ìdérí rẹ̀. Mo gbé sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá kan náà lé ìkejì, sípánà ń yọ̀. Sípánà nọ́ńbà mẹ́jọ ló mú un. Ọkàn mi ti ń sọ nǹkan kan fún mi, mi ò gbọ́. Mo gbé ìdérí náà kúrò.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ihò lásán ni.

Tíṣà na ọrùn wo inú ihò náà. Ó wá rọra ní, "Aunty, ó jọ pé ó ti yọ́." Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ dé Agbóyì.

Bóòtì yẹn ni mo ń wò ní tèmi. Bàbá mẹkáníìkì ní agolo mílíìkì kan tó kún fún bóòtì àtijọ́, wọn kì í sì í dá bóòtì tí wọ́n tú padà sí àyè rẹ̀ láéláé. Ibi tí ẹ bá ti rí èyí tó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò bàbá mi, ọwọ́ wọn ti débẹ̀ nìyẹn.

Màámi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Mo fi bóòtì náà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọn ò tiẹ̀ gbìyànjú láti parọ́.

"Ọjọ́ tí o lọ sí Sangisa ni," wọ́n ní. "Kò gbà wọ́n lásìkò púpọ̀."

"Màámi! Ẹ tún ti ṣe é! Bí ẹ ṣe ń tú aṣọ mi nìyẹn, ẹ ò ní sọ, ẹ ó máa wò mí níran! Oṣù mẹ́ta! Mo di ẹni yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn èèyàn!" Mo pariwo débi tí ọkọ mi fi pa bọ́ọ̀lù, ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ rí.

Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. "Mo fẹ́ wọ mọ́tò rẹ ni," wọ́n ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ọ́ lójú fèrèsé, tí o dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nínú eruku. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Mo ní kí wọ́n bá mi wò ó kí ẹsẹ̀ mi lè gbà."

Mo béèrè ohun tí Bàbá mẹkáníìkì sọ.

"Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ mọ́ ju tiwọn lọ. Wọ́n ní kílíìpù kan ni o kò dè pa."

"Èwo?"

"Ti ìsàlẹ̀."

Mo jókòó. Mo mọ kílíìpù náà. Ọwọ́ mi kò tó o dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó ti rẹ̀ mí, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti le tó. Ká ní wọn ò dè é ni, họ́ọ̀sì náà ì bá já lójú ọ̀nà pẹ̀lú Màámi nínú mọ́tò. Inú mi ṣì ń bí sí Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ.

Màámi dìde, wọ́n mú agolo bọ́tìnnì wọn wá láti yàrá. Támósítáàtì mi wà láàárín bọ́tìnnì, wọ́n ti nù ún, wọ́n fi nílọ́ọ̀nù wé e. "Wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù. Mo ní ọmọ mi ti sè é."

Lọ́jọ́ Ajé, mo dá a padà. Mo gbé àga síta kí Màámi lè rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti dè é, Màámi."

"Tún un dè."

Mo tún dùbúlẹ̀, mo tún un dè. Kò yí rárá, ó ti le tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mi ò pe Màámi. Wọ́n jáde pẹ̀lú báàgì ọsibítù lọ́wọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ kejì. Ó kún dé ọrùn. Wọ́n wọlé síwájú, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ iná. Mo fẹ́ sọ pé kẹ́ẹ̀gì ní àyè nínú bùùtù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo tan mọ́tò. Abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó dúró síbẹ̀, ní Mile 12, láàárín àwọn tírélà, ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí a délé, Màámi ṣí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n da gbogbo omi náà sídìí ewúro tó wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì wọlé lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Orí mi tún fẹ́ gbóná. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn kí n bá wọn gbé e wọlé, ó sì fúyẹ́. Omi inú rẹ̀ kò ju ìlàjì lọ.