Àlọ́ Tí N Kò Lè Pa Lọ́sàn-án

Bí ọmọ mi bá ṣí ìwé tuntun, òórùn rẹ̀ á gbé mi padà sí kíláàsì wa ní Libreville, nígbà tí àsíá òmìnira ṣì tuntun lórí òpó. Màdáàmù gbé ìwé aláwòrán síwájú mi: ọ̀bọ àti ẹkùn nínú ọkọ̀ ojú omi, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

“Sọ ìtàn wọn, kí o sì kọ ọ́. Bí o bá tún dákẹ́, má padà wá lọ́la.”

Ta ló lè pàlọ́ tó mi? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni, àìsàn sì dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mò ń bẹ oòrùn kó tètè wọ̀.

“Odi ni!” làwọn ọmọ ń pariwo.

Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo ti wá mọ̀ pé torí ká lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ni àwọn àgbà ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà wá.

Mo sáré délé. “Màámi, wọ́n ti lé mi.”

Ó dìde jókòó lórí ẹní, ó bú sẹ́kún. Mo ń wo bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, mo sì ń dúpẹ́ pé ó wà láàyè.