Òkè Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù ìyá bàbá mi lọ, Ìgbèìn ni à ń gbé, nínú agboolé kan tí àpáta ńlá wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá rí àpáta, fóònù lẹ máa yọ. Láfún ni àwa ń sá sórí tiwa. Ìyá àgbà á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí tí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì rù ú gun àpáta lọ, a ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán, gbogbo orí àpáta á ti funfun báláú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó tì í, kí n máa lé ewúrẹ́.

Bàbá onífọ́tò kan wà ní ilé kejì sí tiwa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí o bá mira níwájú kámẹ́rà wọn. Àpótí kan lórí ẹsẹ̀ igi mẹ́ta ni kámẹ́rà ọ̀hún, wọ́n á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí wa bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kámẹ́rà ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, aṣọ ẹ̀yìn wọn ni, èyí tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá ń yà. Aṣọ fífẹ̀ kan ni, ó bo odidi ògiri, ayàwòrán kan ní Èkó ló sì ya òkè ilẹ̀ òyìnbó sí i lára. Òkè náà rí ṣóńṣó, igi wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, màlúù ń jẹko níbẹ̀, orí rẹ̀ sì funfun. A kò mọ yìnyín. Àwa ọmọdé gbà pé ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n dà sí i. Gbogbo Ìgbèìn ló ti jókòó síwájú òkè yẹn rí, láti orí olóyè dé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ àpáta tòótọ́ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an, kò sí ẹni tó bojú wò ó.

Lásìkò yẹn, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, wà ní ìlú òyìnbó níbi tó ti ń kàwé. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà rẹ̀ dé, bàbá mi sì kà á sókè fún ìyá wọn. Ó ní òkè ló yí ìlú tí òun wà ká, pé tí òtútù bá dé, gbogbo orí òkè á funfun. Ó ní ohùn ìyá òun ni òun ń gbọ́ lójú oorun, òun kì í rí ojú wọn mọ́, ó ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé ká fi fọ́tò ìyá òun ránṣẹ́. Ìyá àgbà kò tíì ya fọ́tò rí láyé wọn. Wọ́n wá ní, "Iwájú òkè olórí funfun onífọ́tò yẹn ni kí wọ́n ti yà mí. Tó bá rí i, á dà bíi pé mo wá kí i nílé." Ará àdúgbò kan fẹ́ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló sì máa kúrò ní Abẹ́òkúta. Ni a bá fi fọ́tò yíyà sí ọjọ́ Sátidé.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ìyá àgbà pè mí, wọ́n ní ìyàwó onífọ́tò ti lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Papalanto, kí n lọ bá ọkọ rẹ̀ fọ aṣọ. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Bí ìyàwó ilé kan kò bá sí nílé, aṣọ fífọ̀ rẹ̀ di ti àdúgbò. Bàbá onífọ́tò ti lọ ya ìgbéyàwó ní Ìbarà, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn. Mo kó ṣòkòtò, mo kó bùbá. Mo tún rí aṣọ ńlá kan lórí àga, wọ́n ti ká a, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà lóde, eruku sì ti sọ ọ́ di pupa. Ẹ má tíì rín mi. Ọmọ tó bá ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an, àdúgbò á yìn ín, ìyìn yẹn sì ni mò ń wá kiri. N kò tilẹ̀ tú u wò. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sídìí kànga, mo rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n, mo fi ọṣẹ dúdú pa á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gún un.

Màlúù ló kọ́kọ́ lọ. Igi tẹ̀ lé e. Ọ̀dà tí wọ́n fi ya nǹkan náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ omi rárá, kí n tó ṣíjú wo ẹsẹ̀ mi, òkè ti ṣàn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Orí òkè nìkan ló kù, nítorí funfun aṣọ ni ayàwòrán yẹn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ru aṣọ náà sá gun àpáta lọ, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún kí ó lè tètè gbẹ, mo sì jókòó tì í, mò ń sunkún. Kì í ṣe tìtorí ẹgba nìkan. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà ló ni òkè yẹn, pé òun ni wọ́n fẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà bá mi nígbà tí wọ́n wá yí láfún. Mo jẹ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wo aṣọ náà, ojú wọn sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó dùn wọ́n, mo rí i. Wọ́n wá mí kanlẹ̀.

"Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́," ni wọ́n wí. "Ó kéré tán, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́, ìyá àgbà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu wọn, wọ́n rín títí gèlè wọn fi tú. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n sọ fún bàbá onífọ́tò. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ẹnu rẹ bá gbà á, o máa sọ fún un. Ìyẹn di tìrẹ. Fọ́tò ni tèmi." Wọ́n bá mi ká a, mo sì dá a padà sórí àga.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bàbá onífọ́tò tú aṣọ ẹ̀yìn, funfun ni wọ́n bá. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n wò mí fìrí, wọ́n wá ní ọ̀dà Èkó ò dáa rárá. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sún un síwájú," ni bàbá onífọ́tò wí. "Mo ní láti wá ẹni tó máa tún un yà."

"Ẹni tó ń rìnrìn àjò ò ní dúró dè wá," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ṣebí òkè olórí funfun lò ń wá? Gbé àpótí rẹ, kí o máa tẹ̀ lé mi."

Bàbá onífọ́tò ní wọn kì í ya èèyàn gidi níta, pé ilé àti mọ́tò ni wọ́n ń yà níta. Ìyá àgbà ti ń gun àpáta lọ ní tiwọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ibi tí a sá láfún sí, nínú àdìrẹ wọn, ọwọ́ lórí eékún. Lẹ́yìn wọn, òkúta dúdú ga lọ sókè, láfún sì bo orí rẹ̀. Onífọ́tò ki orí bọ abẹ́ aṣọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n yọrí, ohùn wọn ti yí padà. "Màmá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "ẹ má mira o." Èmi ni mo di ewúrẹ́ mú.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé. Àbúrò bàbá mi ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ń bi òun léèrè pé òkè wo nìyí, àti kí ló dé tí ìyá òun kò wọ aṣọ òtútù. Ó ní òun ti wá ń rí ojú wọn lójú oorun. Ìyá àgbà ní kí bàbá mi tún ibẹ̀ yẹn kà. Ìgbà mẹ́ta ni bàbá mi tún un kà.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá onífọ́tò ti ń gbé kámẹ́rà gun àpáta kiri. Èmi kò sọ ti aṣọ náà fún wọn. Mo dàgbà, mo di tíṣà, mo relé ọkọ, ẹnu mi kò gbà á. Lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ pé wọ́n ti di ẹni ilẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló tú gbogbo rẹ̀ síta lọ́dún tó kọjá. Fọ́tò ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìgbéyàwó. Ó rìn dé ilẹ̀ àwọn òkè yẹn, ó ya àwọn darandaran tó ń kó màlúù sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, òdòdó lórí màlúù, agogo lọ́rùn wọn. Ó ya àwọn ìyá arúgbó tó ń sá koríko sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo sì rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó kó gbogbo rẹ̀ kọ́ sínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà kí àwọn èèyàn wá wò ó, ó sì fi fọ́tò ìyá àgbà sáàárín. Ọmọge kan bi mí pé, "Grandma, Switzerland nìyí náà?" Mo ní, "Ìgbèìn ni."

Bàbá kan tó fi ọ̀pá rìn wá gbọ́, ó sì yíjú sí mi. Òun ni ọmọ onífọ́tò tí wọ́n bí ní Papalanto. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì sọ ohun tí mo ti gbé kiri láti ìgbà èwe mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi mọ̀. Wọ́n ní òórùn ọṣẹ dúdú kan náà ló wà lára bùbá wọn àti lára òkè yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù tó ti bà yín ti tó, ìyẹn ni wọn kò fi bi yín."

"Kí ni wọ́n wá fi aṣọ náà ṣe?"

"Òun ni wọ́n fi ń ya pásípọ́ọ̀tù títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n ní kò sí aṣọ tó mọ́ tó o ní Abẹ́òkúta."

Ayé ti yí. Fọ́tò tí ẹ̀yin ń yà láàárọ̀ ọjọ́ kan ju èyí tí ìyá àgbà rí láyé wọn lọ, inú ọ̀rá ni mo sì ti ń ra láfún báyìí, àpáta wa wà lófìfo. N kò ráhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo wá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí mo fi wọ ilé ìwé olùkọ́ni. Bàbá onífọ́tò ló yà á fún mi. Mo jókòó síwájú aṣọ funfun kan, wọ́n sì yọrí lábẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ṣé aṣọ ẹ̀yìn yìí mọ́?" Èmi, tí n kò fura sí nǹkan kan, mo bojú wẹ̀yìn wò ó dáadáa, mo sì dá wọn lóhùn pé ó mọ́.