Ẹni Tó Ń Fọ Ibojì Àwọn de Marsauges

Ní Montrézac, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Faransé, òkú àwọn ọlọ́lá nìkan ló ní ilé ayérayé. Àwa yòókù, ọgbọ̀n ọdún ni ìlú ń fún wa nínú ilẹ̀. Bí ó bá pé, tí ẹnikẹ́ni kò wá tún ìwé ṣe, wọn á hú egungun jáde, wọn á kó o sínú ihò gbogbogbòò lẹ́yìn ògiri, wọn á sì fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Armande Tessonnier, ìyá ìyá mi, mọ òfin yìí. Ìgbà tó ti pẹ́ jù ló mọ̀ ọ́n.

Ìdílé ọlọ́lá méjì ló ni ìlú wa nígbà kan: àwọn de Marsauges tó ni ilé olódi orí òkè, àti àwọn de Vernoult tó ni odò àti ilé ọlọ. Igba ọdún ni wọ́n fi jà lórí ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka ìwé ẹjọ́ náà nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Agbẹjọ́rò jẹun yó, ikán jẹ ìjókòó. Nígbà tí àwọn aráàlú dìde sí ọba, wọ́n pàṣẹ fún agbẹ́kùúta kan, bàbá ńlá Armande, pé kó ha àmì ìdílé méjèèjì kúrò lára ibojì wọn. Ó ha ti àwọn de Vernoult títí tí kò fi ku nǹkan kan. Ti ọ̀gá tirẹ̀, àwọn de Marsauges, ó fi amọ̀ bò ó. Àwọn ará ilé wa ń fi ìtàn yẹn yangàn títí dòní, bí ẹni pé ọ̀gá náà dúpẹ́. Àwọn ará ilé Ginette Ribérol, tí bàbá ńlá wọn ń ru àpò ìyẹ̀fun fún àwọn de Vernoult, kò sì gbàgbé.

Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́lá ta ilé ọlọ, wọ́n ta ilé olódi, wọ́n kó lọ sí Paris. Àwọn ìránṣẹ́ kò rí nǹkan jogún àfi owú.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí Armande àti Hélène de Marsauges, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ṣèrìbọmi. Hélène ló ṣáájú. Armande ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ pé, "Omi tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni wọ́n dà lé mi lórí." Aṣọ tí Hélène bọ́ sílẹ̀ ló wọ̀ dàgbà. Ó kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn, ó sì mọ iye bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí Hélène ń lọ sí Paris, ó di Armande lọ́wọ́ mú. Ó ní kó máa bá òun fọ ibojì àwọn bàbá òun lọ́dọọdún, kí Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ tó pé, pé òun náà yóò máa tún ìwé ibojì ìyá Armande ṣe. Ogójì ọdún ni Armande fi ọṣẹ dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta náà. Hélène kò tún ìwé kankan ṣe. Ìlú gbé pátákó kékeré sórí ibojì ìyá Armande fún ọdún méjì gbáko láti kìlọ̀ pé ọdún rẹ̀ ti pé. Armande rí i, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ó rò pé àwọn de Marsauges ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìránṣẹ́ kì í sì í ka lẹ́tà ọ̀gá. Ní ọdún kẹta, ó gbé òdòdó dé ibẹ̀, ó bá òkú ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ló ń fẹ́: àyè tí ẹnikẹ́ni kò ní í lè hú u jáde.

Èmi ni mo sọ òfin kejì fún un.

"Màmá, ibojì ayérayé náà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín," mo wí. "Bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, alága ìlú á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti pa á tì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á tún wá wò ó. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ó di ti ìlú nìyẹn. Wọ́n lè fún ẹlòmíràn."

Ó ń gé búrẹ́dì sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ta ló ń tọ́jú ti àwọn de Marsauges?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, Màmá."

Ó gé búrẹ́dì yẹn tán. "Ẹ̀yìn ń dùn mí lọ́dún yìí," ó wí.

Kò fọ̀ ọ́ lọ́dún yẹn. Ewé wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo òkúta náà, òjò orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bu omi rin ín. Mọ́sìò Castagné, alága ìlú, wá wò ó, ó kọ ìwé àkọ́kọ́. Mo ní kí Màmá kọ lẹ́tà láti béèrè àyè náà. Ó kọ̀. Ó ní kò tọ́ kí ènìyàn béèrè ibùsùn ọ̀gá nígbà tí ọ̀gá ṣì wà lórí rẹ̀. Mo wí fún un pé egungun ni wọ́n. Ó ní òun mọ̀.

Ó kọjá lára ibojì náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi fún ọdún mẹ́ta, ó sì ń wo ewé náà bí ẹni ń wo ọgbà rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí alága padà wá, a pàdé Ginette ní ilé búrẹ́dì.

"Armande, ẹ̀yìn rẹ ń kọ́?" Ginette wí. "Mo gbọ́ pé o ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

"Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀."

"Má kánjú o. Jẹ́ kó sinmi títí di ọ̀la." Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. "Mo ti kọ̀wé sí alága láti ọdún méjì láti gba àyè àwọn de Marsauges. Ó ní ìwé tèmi ló wà lókè. Àyè yẹn gbòòrò, mo sì fẹ́ràn kí n na ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tí ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀?"

"Òun náà ni. Àwọn de Vernoult ò rí iwájú jókòó rí. Èmi á sùn níbẹ̀." Ó wò ó lójú. "Àbí o ò kọ̀wé ni? Ẹ̀rù ọ̀gá ṣì ń bà ọ́."

Armande san owó búrẹ́dì, ó sì gbàgbé láti mú un.

Kí aago mẹ́jọ tó lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níbi ibojì. Ó kúnlẹ̀ lórí àpò, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àmì tí bàbá ńlá rẹ̀ fi amọ̀ bò ló kọ́kọ́ fọ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe? Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń bọ̀."

"Mo mọ̀. Bá mi pọn omi sí i."

"Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ìlú ò ní í lè gbà á. Ẹ̀yin náà ò ní í rí i."

"Ginette náà ò ní í rí i."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ alága. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹ̀ fún ogójì ọdún. Ó lè wo tiyín."

"Ó sì lè má wò ó. Kí n wá dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì láàárín àwọn òkú tuntun, kí n máa gbọ́ bó ṣe ń na ẹsẹ̀?" Ó na garawa sí mi. "Omi."

Mo pọn ọ́n. N kò dárí jì í, n kò sì dárí ji ara mi.

Nígbà tí Mọ́sìò Castagné dé, òkúta náà funfun, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ginette dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ta ló fọ eléyìí?" alága béèrè.

"Ìdílé ni," Armande wí.

"Ìdílé wo, Mádáàmù Tessonnier?"

"Àwọn tó ni ín. Èmi ni mo dúró fún wọn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibojì náà ní olùtọ́jú. Ginette yíjú padà, ó lọ. Ìyá ìyá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jáde ní géètì. N kò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n gbé èmi, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lé e lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti sọ.

Ó kú ní ìgbà òtútù kejì. Ní itẹ́ òkú, bí ènìyàn bá ti ń kú ni wọ́n ń tò wọ́n, ìlà sì ti dé ẹnu géètì, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, fún ọgbọ̀n ọdún. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Ginette kú, wọ́n sì sin ín sí àyè tó kàn. Kò sí ẹlòmíràn tó kú láàárín ikú àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló wà láàárín wọn.

Hélène de Marsauges kọ̀wé sí wa láti Paris. Ó dúpẹ́ pé òun gbọ́ pé ibojì àwọn bàbá òun mọ́ tónítóní, ó sì béèrè bóyá ẹnìkan nínú ilé wa yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí Màmá fi í sí. N kò dáhùn. Ewé ti ń bo òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́ ògiri wá.