Aláǹtakùn Tó Pọnmọ

Lánàá, kẹrosíìnì dà sí mi lọ́wọ́. Bí òórùn rẹ̀ ṣe gbá mi nímú, mo tún di ọmọ ọdún méje ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọgbà.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú kan ní Ìkẹjà. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dá aláǹtakùn mọ̀. Oríṣi méjì ló jọra nílé wa, onírun lára, aláwọ̀ erùpẹ̀.

"Èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń ṣọ́ ẹyin ẹ̀ lójú kan, ayédèrú nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí. "Èyí tó bá pọn àwọn ọmọ ẹ̀, òun ni ojúlówó. Má pa á o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí ojúlówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Bàbá mi ti dé láti ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òòrùn ṣì mú ganrínganrín.

"Dádì, ẹ wá wò ó! Ó pọnmọ!"

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n gbé kẹrosíìnì, wọ́n dà á lé e lórí, wọ́n ṣáná sí i. Àwọn ọmọ náà ń já bọ́ lẹ́yìn ìyá wọn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jóná.

"Ta ló ní kó bí tó yẹn?" ni bàbá mi wí. Màmá mi, tí oyún wọn ti hàn, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n ń wò.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ náà lé bàbá mi dànù.

Màmá mi wọlé. Bàbá mi ju ìgbálẹ̀ sí mi pé kí n gbálẹ̀. Ọmọ aláǹtakùn kan ṣì ń mira nínú eérú. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, kí inú bàbá mi lè dùn sí mi.